Òfin ti wà láti 2017, àtẹ̀gùn ṣì ga níwájú arọ

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nọ́ńbà 2017-06, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wà fún ààbò àti ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Kó tó dìgbà náà, ní 2012, ìjọba ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ wọn. Òfin àgbà ti 1990 pàápàá sọ pé kí ìjọba máa mójú tó wọn. Tógò náà ní òfin tiẹ̀ láti 2004. Kò sí ọ̀gá kankan tó lè sọ pé òun ò gbọ́.

Àmọ́ ẹ lọ wo ilé mẹ́rì, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìbí, ilé ẹjọ́ àti ọsibítù àdúgbò yín. Mélòó nínú wọn ló ní ọ̀nà gẹ̀ẹ́rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé? Mélòó ló ní ẹyọ òṣìṣẹ́ kan tó gbọ́ èdè ọwọ́? Wọ́n á pe orúkọ látinú yàrá, adití tó ti jókòó láti àárọ̀ ò ní gbọ́, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀, ẹlòmíràn á wọlé. Afọ́jú á dé, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ojú la fi ń gbọ́ràn.

Àwáwí mẹ́ta la sábà máa ń gbọ́.

Wọ́n á ní kò sówó. Tábìlì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èló ni wọ́n máa fi gbé e sọ̀kalẹ̀? Kí òṣìṣẹ́ dìde lọ bá arọ lẹ́nu ọ̀nà, èló ni?

Wọ́n á ní kó rán èèyàn wá. Fọ́tò àti ìtẹ̀ka fún ìwé ìdánimọ̀, ta ni yóò bá a ṣe é? Ní Pọ́bẹ̀ níbí, ilé ìwòsàn kan wà tó ń tọ́jú egbò Buruli àti ẹ̀tẹ̀. Ẹni tí àrùn náà ká lọ́wọ́ kò, tàbí tó gé e níka, kí ló máa tẹ̀ sórí ẹ̀rọ? Bí ẹ̀rọ ò bá rí ìka, ṣé èèyàn náà ni kò sí?

Wọ́n á ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan wà báyìí. Òótọ́ ni, ó sì dára fún ẹni tó rọrùn fún. Ṣùgbọ́n ìyá afọ́jú tí kò gbọ́ Faransé, tí kò ní fóònù ńlá, ọ̀dọ̀ èèyàn ló ṣì ń bọ̀.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Láìsí ìwé ìbí, ìdánwò CEP dogun fún ọmọ. Láìsí ìwé ìdánimọ̀, àgbà ò lè dìbò, kò lè ṣí àpò owó ní báńkì. Ẹni tí kò lè wọ bírò, ìjọba ò kà á mọ́ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé pẹ̀lú. Àwọn òbí kan ń fi ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́, wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Kí wọ́n rántí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni òrìṣà làwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín. Wọn kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tá à ń bèèrè nìyí: kí mẹ́rì kọ̀ọ̀kan ní tábìlì kan nísàlẹ̀ ilé, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sójú pátákó, kí wọ́n má kàn máa pariwo orúkọ, kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ kan ní èdè ọwọ́, kí wọ́n máa lọ bá ẹni tí kò lè jáde nílé láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ẹni tí kò níka. Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, iṣẹ́ yín ni. Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìka ò dọ́gba, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Gbogbo wa là ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn. Ẹsẹ̀ tó ń sáré gun àtẹ̀gùn lónìí, ọ̀pá ni yóò fi rìn lọ́la.