Ta Ló Máa Ní Ká Padà?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dáwó jọ báyìí: jíípù mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, àgọ́ nínú igbó Gashaka-Gumti ní Taraba àti Adamawa. Nínú àwọn National Park wa, òun ló tóbi jù. Ẹ̀rùn ni wọ́n fẹ́ lọ, torí òjò máa ń ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́. Omi, epo, táyà ẹ̀sítírà, okùn tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò tó bá rì, gbogbo ẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ rèé: bí ẹnì kan bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì, tàbí táwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní iwájú léwu, ta ló láṣẹ láti ní ká padà? "Gbogbo wa la máa pinnu" kì í ṣe ìdáhùn o. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ká tó wá sọ awakọ̀ mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ oníṣòwò ló ń kó yín lọ, tó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ kò kan òun, ẹ mọ̀ pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 kò gbà á láyè láti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi àìbìkítà tó burú jáì. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè gbé aláìsàn jáde nínú igbó. Ẹ yan olórí kan, ẹ kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.