Ìṣubú Àgbà

Bí àgbà bá ṣubú nínú ilé, àwọn kan a ní ogbó ni, àwọn mìíràn a ní ayé ni ó tì í. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ni ó gbé e ṣubú: ilẹ̀ balùwẹ̀ tí omi ọṣẹ mú kí ó máa yọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fìtílà ní òru, àti bàtà tí ẹ̀yin ọmọ bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Lóòótọ́, eegun àgbà kì í le bíi ti ọ̀dọ́. Pàápàá, láti ìgbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró ni eegun rẹ̀ ti ń fúyẹ́, tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tí ó dà bí afárá oyin, sì ń fẹ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣubú kékeré fi lè ṣẹ́ ẹ ní ìbàdí. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún. Àwọn tí ó ti ju 60 ọdún lọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìfẹ́ a sì máa mú wa wí pé, “Ìyá àgbà, ẹ jókòó, ẹ má rìn mọ́.” Ìjókòó pípẹ́ gan-an ni ó ń gba agbára ẹsẹ̀, tí ó sì ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́ sí i. Ẹ fi ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́, ẹ bá wọn rìn dé ilé kejì ní àárọ̀, kí ẹ sì nu ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.