Kòkó Kì í Dúró De Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Bí mọ̀lẹ́bí kan bá ń du ogún ní Ìkòyí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń sọ ni pé ẹjọ́ ti dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí gbogbo nǹkan dúró. Irọ́ ni! Kí ló dúró? Bí kòkó bá ti pọ́n, òun náà ni yóò ká a, yóò fọ́ ọ, yóò sá a, yóò gbé àpò rẹ̀ lọ bá olùrà kòkó, tí owó yóò sì bọ́ sọ́wọ́ òun nìkan. Lẹ́yìn kòkó, ó kan ilẹ̀. Wọ́n á gé e ní pílọ́ọ̀tì-pílọ́ọ̀tì, wọ́n á ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, ẹni tó rà á á kó búlọ́ọ̀kù dé. Nígbà tí ìdájọ́ bá ti ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́ dé, kí ni àwọn ọmọ ìyá kejì yóò pín?

Abala 17 òfin ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn là á mọ́lẹ̀ pé pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan kò dá ìdájọ́ dúró. Àwọn lọ́yà kan á ní adájọ́ àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé bí ìwé ẹjọ́ bá ti wọlé sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí adájọ́ ti pa kó tó dé ibẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kú. Adájọ́ náà lè yan alámòójútó tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tí yóò máa ta kòkó, tí yóò máa gba owó ilé, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì, tí yóò sì máa ṣírò rẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Ohun kan ṣoṣo tí alámòójútó náà kò gbọdọ̀ ṣe ni kó pín in.

Kò gbọdọ̀ pín in, torí ìdájọ́ àkọ́kọ́ lè yí. Súbérù Dáwódù kú l'Ékòó lọ́dún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ Jíbọ̀wú tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ogún rẹ̀ ní orí-ò-jorí, ìyẹn ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ni kí wọ́n fi pín in. Lọ́dún 1958, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dojú ìdájọ́ yẹn dé, wọ́n ní ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ni àṣà Yorùbá. Àwọn adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962. Nínú irú ogún bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí á gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án lábẹ́ orí-ò-jorí, á sì gba ìdá kan nínú mẹ́rin lábẹ́ ìdí-igi. Ta ni yóò gba ìyókù padà fún un bí wọ́n bá ti ta ogún náà?

Adájọ́ tó dájọ́ ogún láìfi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ogún náà, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe. Ẹ̀yin ọmọ olóògbé, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà yín kúrò ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ ìdájọ́ láìbéèrè fún alámòójútó.