Èjìká Tí Wọ́n Rán: Abẹ́rẹ́ Nìkan Kò Tó

Ẹrù tí à ń gbé ní Bódìjà àti Dùgbẹ̀ ń jẹ èjìká wa díẹ̀díẹ̀. Bí iṣan èjìká bá já, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kó rán an mọ́ eegun padà.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní PRP. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọn á fà, wọn á fi ẹ̀rọ yí i, wọn á yọ ibi tí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀ sí, wọn á wá fún un sí ojú ibi tí wọ́n rán, kó lè jiná dáadáa.

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eegun ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí wò. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó dín àtúnjá iṣan kù, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ò pọ̀. Ní ti ìrora àti lílo apá, ìyàtọ̀ ò hàn.

Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má kó owó ọjà lé e láìkọ́kọ́ bi dókítà pé: èló ni? Bí mi ò bá gbà á ńkọ́?

Ohun tí ò ṣeé yẹ̀ ni kéèyàn fi apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ ọ, kó má sì gbẹ́rù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ta ni yóò ṣí ìsọ̀ rẹ̀? Àwa ni! Ẹ jẹ́ ká pín ọjọ́ láàárín ara wa, ká bá a tajà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.