Ọmọ tí a ránṣẹ́ pè láti Amẹ́ríkà

Àwọn bàbá wa a máa wí pé, "Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ." Kò sí ilé kan nínú ilẹ̀ Yorùbá, yálà ti ọba tàbí ti ìjòyè, ti oníṣòwò tàbí ti àgbẹ̀, tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, nígbà tí àìsàn bá dá bàbá tàbí ìyá dùbúlẹ̀, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ ń ṣe ni láti ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ ní ayé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni a ń tẹ wáyà. Ní òní, tẹlifóònù ni, ìròyìn ikú a sì máa dé Houston tàbí Chicago kí ará ilé kejì tó gbọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpè náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń pe ọmọ ní ilé kò mọ irú ìwé tí ọmọ náà fi ń gbé ìlú tí ó wà, àìmọ̀ yìí sì lè ba ohun tí ìdílé fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ jẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí àwọn àgbà wa ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti Liverpool dé Èkó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá kú nígbà náà kò lè bá ìsìnkú, kò sì sí àgbà tí yóò torí èyí pè é ní ọmọkọ́mọ. Gbogbo ènìyàn ni ó rí òkun, wọ́n sì mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Nísinsìnyí tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé ènìyàn dé láàrín ọjọ́ kan, ẹbí rò pé kò sí ohun tí ó tún dí ọ̀nà mọ́. Ohun kan dí i síbẹ̀. Ìwé ni ó di òkun lónìí, òkun yìí ni a kò sì lè rí láti èbúté Èkó.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò sí ní ipò kan náà. Àwọn kan ti di ọmọ onílùú; àwọn mìíràn ní gíríìn káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù lọ ni àwọn tí ó ní káàdì ọlọ́dún méjì. Ní 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin yìí, nítorí wọ́n fura pé àwọn kan ń fi ìgbéyàwó ẹ̀tàn wọ ìlú. Òfin náà sọ pé, bí ìgbéyàwó àjèjì kò bá tí ì pé ọdún méjì ní ọjọ́ tí a torí rẹ̀ fún un ní àyè láti máa gbé ibẹ̀ títí, àyè náà ní àdéhùn nínú. Nígbà tí ó bá ku 90 ọjọ́ kí ọdún méjì káàdì náà pé, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkọ àti aya láti jọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí a ń pè ní Fọ́ọ̀mù I-751, kí wọ́n sì kó ẹ̀rí jọ pé òtítọ́ ni ìgbéyàwó wọn: ìwé ilé tí wọ́n jọ ń gbé, ìwé owó tí wọ́n jọ ń ná, ìwé ìbí ọmọ bí wọ́n bá ti bí. Bí àkókò náà bá kọjá láìsí ìwé ẹ̀bẹ̀, àyè náà parí, ìjọba sì lè pe ẹni náà lẹ́jọ́ láti lé e kúrò nílùú.

Kí a má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lásán. Òfin kò de ẹni tí ó ní káàdì ọlọ́dún méjì mọ́lẹ̀. Ó lè rìnrìn àjò gẹ́gẹ́ bí olùgbé títí yòókù, ó lè wá sin bàbá rẹ̀, kí ó sì padà. Kò sì níláti dúró títí a ó fi dá ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lóhùn kí ó tó gbéra. Ibi tí ewu wà ni ọ̀nà mẹ́ta: ìwé tí yóò fi padà, iye ọjọ́ tí yóò lò, àti ìpè ìjọba tí ó lè dé nígbà tí kò sí nílé.

Ti ìwé ni ó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí, èyí tí a ń pè ní USCIS, kì í yára dáhùn. Ó lè ju ọdún kan lọ kí èsì tó jáde, káàdì á sì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fún olùbẹ̀bẹ̀ ní lẹ́tà tí ó jẹ́rìí pé a ti gba ìwé rẹ̀. Láti January 2023, lẹ́tà yìí ń fi oṣù 48 kún ọjọ́ tí a kọ sí ojú káàdì. Káàdì tí ó ti kọjá ọjọ́ àti lẹ́tà náà, àwọn méjèèjì papọ̀ ni ìwé ìpadàbọ̀. Ẹni tí ó bá kó káàdì rẹ̀ dání tí ó gbàgbé lẹ́tà sílé, ó lè bá ojú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pàdé ní Ìkẹjà ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, kí wọ́n sì kọ̀ láti gbé e. Kí ó fi lẹ́tà gan-an, kì í ṣe àwòrán rẹ̀, sínú àpò tí kò ní kúrò lára rẹ̀.

Bí ikú bá dé nígbà tí lẹ́tà náà kò tí ì dé ńkọ́? Olùbẹ̀bẹ̀ lè ké sí USCIS lórí tẹlifóònù kí wọ́n dá ọjọ́ fún un ní kíákíá, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sínú páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ tí yóò dúró fún káàdì. Níbí ni ọwọ́ àwa ará ilé ti lè ṣe ohun kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò mọ bàbá wa, kò sì lè gba ẹkún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó fẹ́ rí ìwé dókítà tí ó ní orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ aláìsàn, irú àìsàn náà, ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Tàbí bí ikú bá ti dé, ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà. Ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ilẹ́ṣà ni ó lè gba ìwé yìí. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, tí a gbà ní òwúrọ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán, sàn ju ogún ènìyàn tí ń pe ọmọ lórí tẹlifóònù láti bèèrè pé, "Ìgbà wo ni o ń bọ̀?"

Bí káàdì tàbí lẹ́tà bá sọnù nígbà tí ọmọ ti dé ilé, ọ̀nà ṣì wà. A lè fi Fọ́ọ̀mù I-131A tọ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà lọ, kí wọ́n fún un ní ìwé tí ọkọ̀ òfuurufú yóò fi gbé e, bí kò bá tí ì lo ọdún kan lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n èyí ń gba owó àti ọjọ́, nítorí náà kí a ṣọ́ ìwé ní ilé òkú tí èrò pọ̀ sí.

Ewu kejì ni ọjọ́. Ẹni tí ó bá ju 180 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi, nígbà tí ó bá padà, òfin lè kà á sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ ìwọlé, wọn a sì bi í léèrè bóyá ó ti kọ ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀. Bí ó bá ju ọdún kan lọ, káàdì nìkan kò ṣeé fi wọlé mọ́. Ìwé àṣẹ ìpadàwọlé kan wà fún ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò pẹ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti níláti béèrè fún un kí ó tó jáde. Kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. A mọ bí ọjọ́ ti ń lọ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní ilé wa. A sin òkú tán, a ní kí ọmọ dúró de ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ pé, ọ̀ràn ogún dé. Ogún kò tí ì yanjú, a ní ìyá tí ó kù kò gbádùn, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Oṣù mẹ́fà ti lọ, kò sí ẹni tí ó kà á. Ó yẹ kí olórí ẹbí jẹ́ ẹni tí yóò ka ọjọ́ náà pẹ̀lú ọmọ, kí ó sì sọ fún àwọn ìyókù pé, "Ó tó, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ."

Bí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ òfuurufú bá sì na ìwé sí ọmọ wa pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀, èyí tí í ṣe Fọ́ọ̀mù I-407, kí ó mọ̀ pé kò sí òfin tí ó fi ipá mú un láti fọwọ́ sí i. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iwájú adájọ́ ni òun fẹ́ lọ.

Ewu kẹta ni ìpè. USCIS lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé olùbẹ̀bẹ̀ pé kí ó wá tẹ̀ka, tàbí kí tọkọtaya wá jẹ́rìí lẹ́nu. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè náà láìsí ìdí rere lè pàdánù ohun gbogbo. Kí ọmọ tí ń bọ̀ wá sílé fi ẹnìkan tí ó ṣeé gbọ́kàn lé sílẹ̀ tí yóò máa ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀, kí a lè tọrọ ọjọ́ mìíràn kí ọjọ́ tí a dá tó kọjá. Òfin pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní December 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà gbé àṣẹ jáde tí ó ká ìwọlé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ kò láti January 1, 2026. A yọ àwọn olùgbé títí kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́ wa pé kí ọmọ bèèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń rìn gan-an, kì í ṣe kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rìn ní èṣí gbọ́. Ẹni tí ó bá ti ní ẹjọ́ ọ̀daràn rí, kí ó má ṣe gbéra rárá kí ó tó rí agbẹjọ́rò.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ọ̀dọ̀ yín ni a ń bọ̀ báyìí. Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ń ro gbogbo èyí, a ti fi àṣà wa sábẹ́ òfin àlejò. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣà Yorùbá ní àyè nínú ju bí a ti ń lò ó lọ. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé sínsin òkú yàtọ̀ sí ṣíṣe òkú. A ó sin ara sínú ilẹ̀ ní kíákíá. Ìnáwó àti ayẹyẹ a máa dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ owó, tí àwọn ọmọ bá sì pé, ìbáà ṣe lẹ́yìn ọdún. Àwọn Mùsùlùmí wa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé ọmọ tí ó dé fún àdúrà ogójì ọjọ́ kò sin bàbá rẹ̀. Ilé ìtọ́jú òkú àti ìwé ìkésíni ni ó so méjèèjì pọ̀ fún wa, tí a fi ń mú ọjọ́ kan láìbèèrè, tí a ń tẹ ìwé, tí a ń yan aṣọ, kí a tó wá sọ fún ọmọ ní Amẹ́ríkà pé ọjọ́ ti pé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé kò bá jẹ́ kí ó wá, kí àbúrò bàbá da iyẹ̀pẹ̀ dípò rẹ̀, kí a sì fi ṣíṣe òkú pamọ́ dè é.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ó kù. Ọwọ́ méjì ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ẹbí tí ó bá gba ọmọ wọn nímọ̀ràn ní ilé òkú pé kí ó kọ aya tàbí ọkọ tí ó fi sílẹ̀ ní òkè òkun, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn. Òtítọ́ ni pé òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú, ẹni tí a ń jẹ níyà, àti ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ kú, láti dá bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn, ẹrù ẹ̀rí rẹ̀ sì wúwo.

Àwọn ọmọ pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn. Ojú ń ti púpọ̀ nínú wọn láti sọ fún ará ilé pé ìwé àwọn ní àdéhùn, nítorí wọ́n ti jẹ́ kí a rò pé gbogbo nǹkan ti parí. Wọ́n wá fi owó ránṣẹ́ dípò ara wọn, ẹbí sì pe èyí ní ìgbéraga. Òtítọ́ kúkúrú kan ìbá ti pa irọ́ gígùn yìí run. Kí ọmọ sọ ipò tí ó wà fún bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le, kí páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ má ṣe kọjá ọjọ́, kí ó sì ti mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí a mú wálé láìbèèrè, tí kò lè padà sí ìdí iṣẹ́, aya àti ọmọ rẹ̀, òkú kejì ni a fi kún ti àkọ́kọ́. Kí olúkúlùkù baálé tí ó ka ìwé yìí ṣe ohun kan ṣáájú ìpàdé ẹbí tí ó ń bọ̀: kí ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi irú ìwé tí ó ní àti ọjọ́ tí yóò parí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí àwọn àgbà ilé yóò ti rí i. Ọjọ́ ikú kì í ṣe ọjọ́ tí a ń kọ́ òfin.