Ẹni Tó Ra Epo Kò Ra Ọ̀pẹ

 

Ẹni tó bá gba Palmgrove wọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ ládùúgbò wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹrù ọmọdé ní Bàrígà wọlé. Ó fi àwòrán ọmọláńgidi kan hàn wá lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà gbẹ́ bí ère. Ó ní òun ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára 200 ife tóun máa tà.

Ọ̀gá atẹ̀wé ka àdéhùn tó bá àwòrán náà wá. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ìlò ilé yín nìkan ni wọ́n kọ síbí. Tó bá jẹ́ ife ọmọ yín, mo lè tẹ̀ ẹ́. Ti títà ò sí níbẹ̀."

Inú bí ìyá wa. "Ṣé owó tí mo san kì í ṣe owó ni?"

Owó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra epo kò ra ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń ta àṣẹ ìlò ara ẹni lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń ta àṣẹ òwò lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń gba ti òwò lóṣooṣù. Ọjọ́ téèyàn ò bá san mọ́, àṣẹ títà dópin nìyẹn. Ìbáà jẹ́ orí ife, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń yọ ère rọ́bà jáde, bákan náà ni.

Copyright Act 2022, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ àwòrán sọ́wọ́ ẹni tó yà á títí ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún òwò láìgbàṣẹ àti ẹni tó ń tà á, ìtanràn wà, ẹ̀wọ̀n wà.

Ẹ tún ṣọ́ra: bí ẹnì kan bá ya Spider-Man, tó ní òun ń ta àṣẹ rẹ̀, ẹ rántí pé Marvel ló ni ín. Ẹni tí kò ni ewúrẹ́ kò lè tà á.

Níkẹyìn, ọmọ àdúgbò kan ya ọmọláńgidi tuntun fún ìyá wa. Wọ́n kọ iye owó àti iye ife sílẹ̀, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè àṣẹ kẹ́ ẹ tó náwó o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.