Ọdún Tí Pirosẹ́sọ̀ Jáde Kọ́ Ni Géèmù Ń Béèrè

Àṣà burúkú kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà géèmù: ìran pirosẹ́sọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, bí ẹni pé èyí tó jáde kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ yára jù. Èrò yìí kò tọ̀nà, àwọn tí ń polówó ọjà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pirosẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìgbékalẹ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà to ohun tó wà nínú rẹ̀, láti orí kọ́ọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò, dé orí káṣè, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tó sún mọ́ kọ́ọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Kí àwòrán géèmù kọ̀ọ̀kan tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, pirosẹ́sọ̀ ní láti mọ ẹni tó ń yìnbọn, ibi tí ọta dé àti ògiri tó wó. Bí ìsọfúnni náà bá wà nínú káṣè, wéré ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, àfi kó lọ wá a nínú RAM, ìyẹn ibi ìpamọ́ ńlá tó jìnnà sí kọ́ọ̀, kọ́ọ̀ náà yóò sì kawọ́ bọtan títí tí yóò fi dé, bó ti wù kó lágbára tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé iṣẹ́ AMD gbé pirosẹ́sọ̀ Ryzen 7 5800X3D jáde. Ìgbékalẹ̀ Zen 3 tó wà nínú 5800X ti ọdún 2020 náà ló wà nínú rẹ̀, kódà 4.5 GHz ni eré rẹ̀ mọ, nígbà tí ti 5800X dé 4.7. Káṣè 64 MB tí wọ́n gbé gun orí 32 MB tó wà nílẹ̀ nìkan ni àfikún tó ní, síbẹ̀ ó fi 5800X sílẹ̀ sẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Intel, ilé iṣẹ́ tó ń bá AMD díje, gbé Core Ultra 9 285K jáde pẹ̀lú ìgbékalẹ̀ tuntun, èyí tó ya ẹ̀yà tí ń darí RAM sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn kọ́ọ̀. Core i9-14900K tó ṣáájú rẹ̀ sì ń borí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tí tuntun náà ń jẹ kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn alátakò a máa tọ́ka sí FX-8150 ti AMD, oníkọ́ọ̀ mẹ́jọ tí Core i5-2500K ti Intel, oníkọ́ọ̀ mẹ́rin, ń nà nínú géèmù, láti fi hàn pé ìgbékalẹ̀ ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2011 ni 2500K jáde, tí FX jáde ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà: tuntun ló fìdí rẹmi.

Pirosẹ́sọ̀ nìkan kọ́ sì ni géèmù ń lò: ní ìwọ̀n 4K, tí àwòrán kan ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, káàdì gíráfíìkì tí ń ya àwòrán náà ni gbogbo ẹrù sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 (pátákó tí pirosẹ́sọ̀ ń jókòó lé) láti ọdún 2017 lè fi 5800X3D sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi BIOS tuntun, ìyẹn ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà, sí i, kí wọ́n sì kó owó tí wọn ì bá fi ra mọ́dábọ́ọ̀dù àti RAM mìíràn lé káàdì yìí lórí.